Ọdún Méjì Tí Mo Fi Ní Kí Wọ́n Dúró: Ọ̀rọ̀ Nípa Ojú Ọmọ Ìkókó àti Ọ́tísíìmù

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè kà á tán lójú ọjà, kó fi í sílẹ̀ di alẹ́. Ẹni tí ojú ń dùn, kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí.

Ojú ọmọ ìkókó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ohun tó ń wò, ẹni tó ń wò, àti ohun tí àgbà máa ń sọ nígbà tí ìyá ọmọ bá ní òun ń rí nǹkan tí kò yé òun.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gbẹ̀bí ní Bẹẹrẹ, mo ti gbẹ̀bí ní Ọjà'ba, mo ti gun òkè Mápó nínú òjò lóru lọ bá obìnrin tó ń rọbí. Ọmọ tí mo ti fi ọwọ́ mi wẹ̀ kò níye. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ tèmi gan-an, tí mo wẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnká, òun ni mo wò, tí n kò rí.

Ọmọ náà sanra dáadáa. Ó ń mu ọmú, ó jókòó nígbà tó yẹ, ó rá, ó sì ti ń rìn nígbà tó pé oṣù mẹ́tàlá. Kò sí ohun tí wọ́n lè bá wí lórí káàdì ìwọ̀n rẹ̀. Àmọ́ bí mo bá ń kì í láàárọ̀, ojú rẹ̀ kì í wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ mọ bí ọmọ ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń kì í: á dákẹ́, á tẹjú mọ́ ẹnu ẹni tó ń kì í, ẹsẹ̀ á máa jà, á rẹ́rìn-ín, òun náà á fẹ́ fi ohùn sí i. Tiwa á máa wo fáànù. Fáànù òkè àjà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní í yíjú. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá já ọ̀rá bisikíìtì ní yàrá kejì, á yíjú wéré.

Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́wàá nígbà náà. Ó wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà ń kíyè sí i pé kì í wò mí lójú? Bí mo bá ti ọjà dé, ó máa ń dà bí ẹni pé n kò lọ ibì kankan." N kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ẹ̀wà. Mo ní, "Ìyàwó mi, ọkùnrin ni. Ọkọ rẹ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Má fi ẹnu ara rẹ pe ohun tí kò sí wá bá ọmọ." Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó dìde. Kò bá mi sọ ọ́ mọ́ fún ọdún méjì.

Nítorí ọdún méjì yẹn ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ojú ọmọ ṣe ń dàgbà, torí ojú náà ń kọ́ iṣẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń kọ́ ìrìn. Ọmọ tuntun kò ríran jìnnà. Ibi tí ìran rẹ̀ dé kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lọ, ìyẹn ni pé bí ó bá wà lẹ́nu ọmú, ojú ìyá rẹ̀ ló rí jù. Ojú ènìyàn náà ló sì fẹ́ràn láti máa wò ju ohun mìíràn lọ. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ̀rín rẹ̀ á di ẹ̀rín sí ènìyàn, yàtọ̀ sí ẹ̀rín ojú oorun tí à ń sọ pé àwọn áńgẹ́lì ló ń bá a ṣeré.

Ní oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ojú ọmọ máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Tó bá wo iná, iná náà ló kù. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ojú kúrò lára nǹkan, ìyẹn kì í sì í ṣe àrùn. Láti bí oṣù mẹ́rin lọ ni yóò ti máa mọ̀ ọ́n ṣe: á wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín, á fi í sílẹ̀, á wo ojú yín, á tún padà sí ìlẹ̀kẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án á ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Tó bá wá ń sún mọ́ ọdún kan, iṣẹ́ tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ dé. Bí ìyá bá wo adìẹ, ọmọ náà á wo adìẹ. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ á nàka sí adìẹ, á sì padà wo ojú ìyá rẹ̀, bí ẹni ń béèrè pé, "Ṣé ìwọ náà rí i?" Kò fẹ́ kí wọ́n gbé adìẹ fún òun. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n jọ rí i ni. Ibẹ̀ ni èdè ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Ọmọ mọ̀ pé adìẹ ni wọ́n ń pè ní adìẹ nítorí pé òun ni òun àti ìyá òun jọ ń wò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ìyá. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò bá bá ti ìyá rìn, ọ̀rọ̀ á kàn máa kọjá lórí rẹ̀ bí ariwo Ọjà'ba.

Ẹ dákun, bí ọmọ yín bá fi ọwọ́ òsì nàka, ẹ má tíì gbá a lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó nàka ná. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ọdún mẹ́rin ni mo fi retí ìka kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ tọ̀tún, ì báà jẹ́ tòsì.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù ni pé ọpọlọ ọmọ gba ọ̀nà mìíràn dàgbà, pàápàá ní ibi tó kan bí ó ṣe ń bá ènìyàn ṣe. Ọmọ náà lè máà sọ̀rọ̀, tàbí kó sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ó lè máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, kí ariwo tàbí aṣọ kan máa ni í lára ju bó ṣe ń ni ẹlòmíràn lọ. Dókítà Leo Kanner ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ló kọ ìwé tó sọ ọ́ di mímọ̀ ní 1943, nípa ọmọ 11. Lára ohun tí àwọn òbí sọ fún un ni pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ara ọmọ kì í múra sílẹ̀. Mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọnmọ mọ ohun tó ń wí. Bí ìyá bá ti bẹ̀rẹ̀, tó yọ ẹ̀yìn sílẹ̀, ọmọ á ti na ọwọ́, á ti ya ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gbé e rárá. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni. Rárá o. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Victor Lotter, tó ti ka iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Middlesex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá wò ó ní àwọn orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní 1978 ló gbé ohun tó rí jáde: àwọn ọmọ náà wà láàárín wa. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, bí ènìyàn kan nínú 127 ló ní i káàkiri ayé. Ẹ wo iye ènìyàn tó ń kún mọ́sálásí yín lọ́jọ́ Jímọ̀, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. A ti ń rí wọn tipẹ́. Orúkọ mìíràn ni a fi ń pè wọ́n: emèrè, ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run, odi, òmùgọ̀.

Báwo wá ni ojú ṣe kan ọ̀rọ̀ yìí? Ní 2013, Warren Jones àti Ami Klin ní ìlú Atlanta gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ń fi fídíò obìnrin tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ han àwọn ìkókó láti ọmọ oṣù méjì, ẹ̀rọ kan sì ń wo ibi tí ojú ọmọ ń lọ lára obìnrin náà. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọ̀nyí títí wọ́n fi dàgbà tó kí a lè mọ ẹni tó ní ọ́tísíìmù nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí rèé: ní oṣù méjì, àwọn tó wá ní i lẹ́yìn náà ń wo ẹyinjú ènìyàn bí àwọn yòókù. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́fà ni ìwò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, díẹ̀díẹ̀. Àwọn olùwádìí mìíràn ní Kánádà, lọ́dọ̀ Lonnie Zwaigenbaum, ti kọ ọ́ ní 2005 pé láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá, ojú àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lára ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́. Mo rántí fáànù wa.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o. Ẹ̀rọ ló rí ti oṣù méjì sí mẹ́fà yẹn, ojú ènìyàn lásán kò lè rí i. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí tán kó lọ gbé ọmọ oṣù mẹ́ta síwájú, kó máa pariwo pé kò wo òun. Ọmọ tó ń sùn, ọmọ tí ebi ń pa, ọmọ tí inú ń run, kò ráyè wo ẹnikẹ́ni.

Ti nǹkan bí ọdún kan ni àgbà lè rí. Ní 1994, Julie Osterling àti Geraldine Dawson gba fídíò ọjọ́ ìbí ọdún kan lọ́wọ́ àwọn òbí, ti ọmọ 11 tó ti hàn pé wọ́n ní ọ́tísíìmù àti ti ọmọ 11 tí kò ní i, wọ́n sì ń ka ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe. Nǹkan mẹ́rin ló fi ìyàtọ̀ hàn jù: bóyá ọmọ ń wo ojú ènìyàn, bóyá ó ń yíjú tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, bóyá ó ń nàka, bóyá ó ń mú nǹkan wá fi han ènìyàn.

Àwa náà kúkú ń ya fídíò. Nígbà tí mo gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, mo ní kí ọmọ mi wá fóònù àtijọ́ jáde. Fídíò ọjọ́ ìbí náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Wọ́n pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹfà, mo kà á. Bàlúùn ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ yí àgbọ̀n rẹ̀ padà kó lè wo kámẹ́rà, ó tún ń padà sí bàlúùn. Ohùn kan wá ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó ń ronú bíi bàbá àgbà rẹ̀ ni." Èmi ni.

Bàbá kan ní àdúgbò wa bi mí pé, ṣé a kì í kọ́ ọmọ Yorùbá pé kó má tẹjú mọ́ àgbà ni? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, bàbá. Ọmọ oṣù mẹ́wàá kò tíì gba ẹ̀kọ́ ilé. Bí kò bá wo ènìyàn, ìtẹríba kọ́.

Kí ẹ tó pe ohunkóhun ní ọ́tísíìmù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wò. Ọmọ tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ adití. Jọ́ńdíìsì tó le lára ọmọ tuntun, tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n, lè ba etí jẹ́, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Níbí yìí ni mo ti fẹ́ tún bẹ̀ yín lórí káńfọ̀ tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ó ń wó ẹ̀jẹ̀ wọn, jọ́ńdíìsì á sì gòkè. Ẹ kó o dànù. Oòrùn tó aṣọ ọmọ.

Ti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní í gùn. Andrew Wakefield ló kọ ọ́ ní 1998 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé abẹ́rẹ́ èéyi àti àwọn tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn lè ní í ṣe pẹ̀lú ọ́tísíìmù. Ní 2010 ìwé ìròyìn tó gbé e jáde fa ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn dókítà. Ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ tó lé ní 650,000, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019: abẹ́rẹ́ náà kò fà á. Ohun tó ń tan wá jẹ ni pé oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí à ń gba abẹ́rẹ́ èéyi bọ́ sí àkókò tí àmì náà ń hàn. Ẹ gbé àwọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí wọ́n sọ sí ìyá ọmọ náà. Wọ́n ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún. Wọ́n ní kò fi pín-ìnnì há aṣọ. Ẹnìkan ní ọjà ló fẹ́ràn ju ọmọ lọ. Ẹ má rò pé àwa nìkan là ń ṣe é. Bruno Bettelheim kọ odidi ìwé ní Amẹ́ríkà ní 1967 tó di ẹ̀bi ru àwọn òbí, pàápàá ìyá, pé àìní ìfẹ́ wọn ló ti ọmọ sínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sunkún nítorí ìwé yẹn, irọ́ sì ni. Ohun tí a mọ̀ báyìí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2011 fi hàn pé nínú 100 àbúrò ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, bíi 19 ló tún ní i. Nítorí náà, ilé tí ọ̀kan bá ti wà, kí wọ́n tètè máa wo àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá sì ń sọ pé ìdílé ìyàwó ló ti wá, ẹ rọra. Ẹ̀jẹ̀ tiwa náà wà lára ọmọ yẹn.

Wọ́n á bi mí pé, bí ènìyàn bá tètè rí i, kí ló lè ṣe sí i? Ní Ọsirélíà, wọ́n mú ọmọ tó lé díẹ̀ ní 100, láti oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, tí àmì ti ń hàn lára wọn. Ìdajì wọn ń gba ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Fún ìdajì kejì, wọ́n ń ya fídíò òbí àti ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n á jọ jókòó wò ó, wọ́n á fi han òbí pé: wò ó, ó gbójú sókè níbí, o kò rí i, wò ó, ó ń sọ nǹkan fún ọ. Oṣù márùn-ún ni. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, èyí tí dókítà pè ní ọ́tísíìmù nínú ìdajì kejì yìí jẹ́ bí 7 nínú 100, nínú ìdajì àkọ́kọ́ ó lé ní 20 nínú 100. Ọdún 2021 ni èsì yẹn jáde. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, àwọn ọmọ náà kò sì pọ̀. N kò fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni pé ọ́tísíìmù á lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tètè mọ tiwa, bóyá yóò ṣì ní i. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ì bá ti mọ bó ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ ní ọdún méjì ṣáájú.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn òbí yẹn kò sì jìnnà sí ohun tí ìyá àgbà ń ṣe níbi ìwẹ̀ ọmọ. Ẹ sọ ara yín kalẹ̀ kí ojú yín wà níwájú ojú ọmọ. Ẹ wo ohun tí òun ń wò, dípò kí ẹ máa fa ojú rẹ̀ sí ohun tí ẹ̀yin fẹ́. Bó bá ń wo fáànù, ẹ sọ pé "fáànù! ó ń yí," kí ẹ dákẹ́, kí ẹ dúró dè é. Bó bá ju ojú bàìbàì kan sí yín, ẹ tètè gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ máa kì í. Ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn dára, ṣùgbọ́n ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ jọ rí ara yín. Fóònù tí ẹ ń gbé lé e lọ́wọ́ kó lè dákẹ́ kọ́ ló ń fa ọ́tísíìmù, àmọ́ fóònù kì í dá ọmọ lóhùn. WHO ti sọ ọ́ láti 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ohun kankan lójú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbà wo ni kí ẹ dìde? Bí ọmọ bá pé ọdún kan tí kì í yíjú sí orúkọ rẹ̀, tí kì í wo ojú yín, tí kì í juwọ́ pé ó dàbọ̀, ẹ dìde. Bó bá pé ọdún kan àbọ̀ tí kò nàka sí nǹkan láti fi hàn yín, ẹ dìde. Bó bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́, ọjọ́ kọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n kàn pẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá ọmọ náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n mo rántí rẹ̀ dáadáa báyìí: bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń fi ojú tẹ̀ lé mi káàkiri ilé, ó ń nàka sí ohun gbogbo, ó ń mi orí. Mo fi ọ̀kan wé èkejì láìwo ojú wọn.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ìwé ìbéèrè 20 kan wà tí wọ́n ń lò fún ọmọ oṣù 16 sí 30. Kò ní abẹ́rẹ́ nínú, ohun tí ẹ̀ ń rí nílé ni wọ́n ń béèrè. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ ní i o, ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò síwájú ni. Láti Bẹẹrẹ, Adéọ̀yọ́ tó wà ní Yemẹ̀tú kò jìnnà, wọ́n sì lè kọ ìwé fún yín lọ sí UCH, níbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, tí dókítà ọmọdé wà, tí ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ ọmọdé sì wà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka yẹn lé yín padà. Kì í ṣe ilé wèrè. Ìbàdàn wa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Ọmígbódùn wà, ẹni tó darí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé láti 2010 sí 2014, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jókòó sí ipò náà. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tí àwọn ènìyàn ti ń wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn wá kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó máa ń ya mí lẹ́nu pé wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí ibi tí àwa lè wọ mícrà dé.

N kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Àwa náà gbà á, àlùfáà gbà á, wòlíì gbà á. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín sí i lórí nígbà tó pé ọdún méjì, tó sì ń ké, tí èmi nọ́ọ̀sì dì í mú. Ẹ sì mọ́kàn le o, torí kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹ bá dé ni wọ́n á ti gbọ́ yín. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọmọ wa lọ, wọ́n ní kí wọ́n padà wá tó bá pé ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ kí wọn, kí ẹ lọ sí òmíràn.

Ẹ̀yin àgbà ni mo ń bá wí jù lọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ alásàlátù àti ìyá ìjọ. Ní agboolé tiwa, ìyàwó kékeré kò lè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ìyá ọkọ bá ti ní kò sí nǹkan. Owó ọkọ̀ lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má lè lọ. Ọ̀rọ̀ kan ni mo sọ níbi ẹ̀wà, ó sì ti ilẹ̀kùn fún ọdún méjì. Ìyá tó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló rí i, èmi tí mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Bí ìyàwó yín bá sọ irú rẹ̀ fún yín, ẹ sọ fún un pé, "Jẹ́ kí n wò ó." Kí ẹ sì wò ó lóòótọ́, kí ẹ pè é, kí ẹ nàka sí nǹkan, kí ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ lọ.

Ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó mọ nọ́ńbà gbogbo mícrà tó ń gbé ní òpópónà wa. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ata, kò sì sí ata jíjẹrà tó lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó kọ́kọ́ nàka nígbà tó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bá a ṣeré. Òṣùpá ló nàka sí, ó sì yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo, gbogbo ilé sáré jáde.

Ìyàwó kan tún wà ní agboolé wa báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin pé oṣù mẹ́tàlá. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ ohun tó ń rí. Mo pe ọmọ náà, mo kì í, mo nàka sí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà mo lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, a sì sọ ọ́ fún wákàtí kan. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a ń lọ, àwa mẹ́ta àti ọmọ. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni a ó pàdé ní ibùdókọ̀ Bẹẹrẹ. Ìyá ọkọ ló ní òun fúnra òun ló máa pọn ọmọ náà.